Ràbíátù Alẹ́yin àti Àpótí Asàba Ìjọba

Wọ́n ní ẹyin a máa bá Ràbíátù sọ̀rọ̀. Ní Ọjà'ba ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn oníyọ̀ tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní bó bá gbé ẹyin sétí, ọmọ inú rẹ̀ á sọ fún un bóyá òun máa yè tàbí òun ti kú, pé ìdí nìyẹn tí kì í fi í ta ẹyin tó ti lọ́mọ nínú fún ẹni tó fẹ́ dín in jẹ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni mí, aṣọ funfun mi kì í kúrò lórí okùn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó wọ̀ mí létí. Àmọ́ kí n má purọ́, mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ ra ẹyin lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti gbàdúrà lábẹ́ ètè kí n tó nawọ́ sí igbá rẹ̀.

Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà kò ní òkùnkùn kankan nínú. Ó fa ewé kan ya nínú ìwé àjákù ọmọ iléèwé, ó ká a bíi fèrè, ó fi ẹyin dí i lẹ́nu, ó kọ ọ́ sí oòrùn, ó sì di ojú kan. Èyí tó mọ́ kedere, ó kó o sápá ọ̀tún fún títà. Èyí tó ní iṣan pupa bíi gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́, ó kó o sápá òsì, abẹ́ adìẹ ni yóò padà sí. Èyí tó ti di ọ̀bu, ó jù ú nù láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló wá gbé ọ̀kan lé ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ẹni tó ń tẹ́tí.

"Kí ló ń sọ fún yín, Ìyá?" ni mo bi í.

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ló ń sọ kí ni? Ẹyin lẹ́nu ni? Ìwọ tó lọ síléèwé, tó ń wọ bàtà gogoro wọ ọjà, o ò mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ a máa la èèpo ẹyin kọjá? Ooru rẹ̀ ni mò ń wò. Ìpéǹpéjú kì í purọ́, ẹnu ló ń purọ́. Ó dáa, mélòó lo fẹ́ rà, àbí àdúrà lo wá gbà sórí igbá mi?"

Bí mo ṣe di oníbàárà rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí Arẹrẹ ni wọ́n bí i sí, nínú agbo ilé àwọn ahunṣọ. Àṣàkẹ́ loríkì rẹ̀. Wọ́n rán àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin lọ sí ilé kéú, wọ́n ní kí òun máa ṣọ́ adìẹ. Ó ní adìẹ ni aáfà òun. Ọkọ rẹ̀ bá lọ́rì lọ sí Jọ́ọ̀sì, kò bá lọ́rì padà, Ràbíátù sì fi ẹyin tọ́ ọmọ mẹ́ta títí gbogbo wọn fi lọ sílé ọkọ. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó ga, ó gbẹ, ẹnu rẹ̀ kò ní ìlẹ̀kùn. Bí oníbàárà bá ń mi ẹyin létí bí ẹni ń mi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, á ní, "Rọra o, ìyàwó, orí tìẹ ni kó o mì, bóyá nǹkan á dún níbẹ̀." Èmi gan-an kò bọ́. Ó ní àwa Aládùúrà nìkan ni a lè wọ funfun rin ẹrẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì nínú òjò kí a tún máa pe ara wa ní ọlọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1963, mo ń tẹ tàípù ní ọ́fíìsì ìjọba kékeré kan ní Bẹẹrẹ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ògbólógbòó ni. Ọkùnrin kan ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nísàlẹ̀, àwa wà lókè pẹ̀lú òórùn kẹrosíìnì. Òyìnbó kan, onímọ̀ nípa ẹyẹ, ló dá ibẹ̀ sílẹ̀. Ó tín-ín-rín bí igi ìṣáná, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà ló ń jẹ lọ́sàn-án, kò sì ní ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ju agùfọn lọ.

Ẹni tí kò bá mọ agùfọn, ẹyẹ gíga ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọ̀pá, irun orí rẹ̀ dúró ṣánṣán bí ìgbálẹ̀ tí wọ́n rẹ sínú wúrà. Bàbá mi tó máa ń lọ ra èlùbọ́ ní Òkè-Ògùn sọ fún wa pé nínú àbàtà ibẹ̀, wọ́n ń pagbo jó bí ẹbí ìyàwó. Nígbà tó fi máa di àkókò tí mò ń sọ yìí, ẹni tó bá rí méjì lójú kan á wá ròyìn fún ará ilé. Àwọn olówó ti ń ra ọmọ rẹ̀ fi ṣọ̀ṣọ́ àgbàlá, àwọn àgbẹ̀ sì ń la ojú omi àbàtà láti gbin ìrẹsì.

Ètò òyìnbó náà rọrùn. Agùfọn kì í yé ju ẹyin méjì tàbí mẹ́ta lọ, àmọ́ bí a bá tètè kó ti àkọ́kọ́, ìyá ẹyẹ á tún yé òmíràn. Kí ẹ̀rọ wá pa ti àkọ́kọ́, kí ìyá fúnra rẹ̀ pa ti ẹ̀ẹ̀kejì, ọmọ á di ìlọ́po méjì lọ́dún kan. Bí èyí tí ẹ̀rọ pa bá dàgbà, kí a dá a padà sínú àbàtà. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ní tàípù, mo sì rò ó pé ọgbọ́n gidi ni. Títí dòní mo ṣì rò ó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́ bú. Àwọn tó gbé e wọ̀ bí agbádà àyálò ni mo fẹ́ bú.

Àpótí asàba ni àwa ń pe ẹ̀rọ náà. Pákó ni, ó tóbi tó àpótí aṣọ ìyàwó. Fìtílà kan ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ooru fìtílà ń gba inú páìpù wọlé, páànù omi méjì sì wà lábẹ́ ẹyin kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ má bàa gbẹ. Tẹmómítà wà lẹ́yìn gíláàsì kékeré níwájú.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀ Ràbíátù fún òyìnbó. Ó tẹ̀ lé mi wá sí Ọjà'ba pẹ̀lú ẹyin mẹ́wàá tó ti kọ àṣírí wọn sínú ìwé àpò rẹ̀. Ràbíátù wo gbogbo wọn, kò sì ṣi ẹyọ kan. Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín?" Ràbíátù bi mí. "Ṣé ó rò pé ìyá tiẹ̀ nìkan ló ń bí ọlọ́pọlọ?"

Bó ṣe gba iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Kò mọ nọ́ńbà kà, nítorí náà ó so òwú pupa mọ́ tẹmómítà níbi tí omi fàdákà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sí, ó sì ń fi ìpéǹpéjú yẹ̀ ẹ́ wò bóyá tẹmómítà náà ń sọ òótọ́. Ẹyin awó ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán àpótí wò. Nínú àádọ́ta, mọ́kànlélógójì ló di ọmọ. Òyìnbó ní òun kò rí irú ẹ̀ rí.

"Ìyá rere ni àpótí yìí," Ràbíátù sọ fún mi lọ́jọ́ náà, ó ń gbọn ìyẹ́ awó kúrò lára ìró rẹ̀. "Kì í fi ẹyin sílẹ̀ lọ jẹ̀, kì í fi ẹnu sọ mí lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Adití ni. Ẹni tó bá ń tọ́jú rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ní etí."

Ní oṣù Júláì, òyìnbó gba ìsinmi lọ sílé, ó sì fi ọ́fíìsì sílẹ̀ fún igbákejì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Japheth Adéyẹ́misí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀sọ̀, nítorí Ọlọ́run ń gbọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí lo oṣù mẹ́fà nílùú òyìnbó, ó sì ti fi ọdún mẹ́fà sọ ọ́. Nínú oòrùn Bẹẹrẹ tó ń yan páànù, kóòtù ló ń wọ̀. Ó gbé satifíkéètì rẹ̀ kọ́ sí ògiri tó kọjú sí àpótí asàba, bí ẹni pé ẹyin gbọ́dọ̀ kà á kó tó ní ẹ̀mí. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Ìgbà tí ọmọ mi ṣàìsàn, òun ló gbé wa lọ sọ́sípítù nínú mọ́tò rẹ̀, àmọ́ ó sọ fún dókítà bó ṣe yẹ kó tọ́jú ọmọ náà kí a tó jókòó. Ìwé pẹlẹbẹ kan bá àpótí asàba wá láti òkè òkun. Ìwé yẹn ni ó fi ṣe ìrọ̀rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ni Gàfárù dé. Àgbẹ̀ ni, láti ìtòsí Ṣakí, òyìnbó ló ti kọ́ ọ bí a ṣe ń wá ìtẹ́ agùfọn kiri nínú koríko. Ó gùn lọ́rì wá pẹ̀lú igbá lórí itan rẹ̀, òwú ló kún inú igbá náà. Ó kí wa, ó mu omi, ó ní, "Ẹ má bínú o, ohun tí agbára mi ká nìyí," ó sì sáré padà lọ bá lọ́rì rẹ̀. Ẹyin mẹ́rin ló wà nínú òwú. Ọ̀gá, bí a ṣe ń pe Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹ́misí, ti ń kọ ọ́ sínú ìwé nígbà tí Ràbíátù wọlé.

Ó gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Mẹ́ta ni," ó ní.

"Mẹ́rin ni, Ìyá."

"Ti agùfọn, mẹ́ta. Ti tòlótòló, ẹyọ kan."

Ọ̀gá gbé bírò sílẹ̀. "Ìyá, ọkùnrin yẹn gùn lọ́rì láti Ṣakí nítorí ẹyin agùfọn. Kí ló fẹ́ fi ẹyin tòlótòló ṣe?"

"Èènì ni."

"Kí ni?"

"Èènì! Ṣé wọn kì í fi èènì sí i níbi tí ẹ lọ ni? Ẹni tó gbé nǹkan mẹ́ta péré wá síwájú ìjọba, ojú ò ní tì í? Ó wo igbá, ó rí i pé kò kún ojú, ó bá lọ sẹ́yìnkùlé ìyàwó rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Ó kéré sí àwọn tó kù, ó ní àmì tótòtó lára. Bó bá jẹ́ pé iṣu ló kó wá, ẹ̀yin náà á mọ èyí tó jẹ́ èènì."

"Ìjọba kì í gba èènì," ni Ọ̀gá wí, ó sì tún gbé bírò. "Ẹyin tó bá wà nínú igbá agùfọn, ẹyin agùfọn ni. Mẹ́rin ni mo ti kọ."

Mẹ́rin náà ni mo tẹ̀. Mẹ́rin náà ni wáyà gbé lọ bá òyìnbó nílé. Irọ́ tó bá ti gba inú tàípù kọjá, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kì í jẹ́ irọ́ mọ́. Fáìlì ló ń jẹ́.

Wọ́n fi pẹ́ńsù ṣe àmì sára ẹyin kí a lè mọ̀ bí a bá ti yí wọn, àgbélébùú sí ẹ̀gbẹ́ kan, òbìrípo sí èkejì. Ràbíátù ní Ọ̀gá ti ṣèrìbọmi fún agùfọn kí ìyá wọn tó gbọ́. Àwàdà tó ṣe kẹ́yìn fún ìgbà díẹ̀ nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ omi dé.

Ẹ mọ bí oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ṣe máa ń rí nílùú wa. Òjò àárọ̀, òjò ìrọ̀lẹ́. Iyọ̀ ń yọ́ nínú àwo, aṣọ ọjọ́ ìsinmi mi ń hu funfun mìíràn sórí funfun rẹ̀. Ìwé pẹlẹbẹ ní kí a pọn omi kún páànù méjèèjì, Ọ̀gá sì pọn ọ́n kún dẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹwàá, Ràbíátù gbé ẹyin kan sẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, ó sì pè mí. Ó fi hàn mí pé àyè afẹ́fẹ́ kan wà ní ìdí ẹyin, níbi tó tóbi. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, omi inú ẹyin á máa gbẹ díẹ̀díẹ̀, àyè náà á sì máa fẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọmọ á ti kọ́kọ́ mí kó tó lè sọ èèpo lu. Àyè tó fi hàn mí kò ju èékánná lọ.

Ó lọ bá Ọ̀gá. "Omi ti pọ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká yọ páànù kan."

"Ìwé sọ pé méjì."

"Níbo ni wọ́n ti kọ ìwé náà?"

"Ìlú òyìnbó."

"Ṣé òjò Bẹẹrẹ yìí dé ibẹ̀?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni ń ṣàánú ọmọdé. "Ìyá, sáyẹ́ǹsì kò ní ìlú."

"Omi ní ìlú," ni Ràbíátù wí. "Òyìnbó tó ni ẹ̀rọ yìí gan-an, ní oṣù Júùnù, páànù kan ló lò fún awó. Ẹ bi Ìyá Bọ́lánlé, òun ló tẹ̀ ẹ́ síwèé."

Èmi ni Ìyá Bọ́lánlé. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú fáìlì. Ọ̀gá ní awó kì í ṣe agùfọn. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé kì í ṣe adìẹ, àmọ́ mi ò sọ ìyẹn síta, mo ní ọmọ márùn-ún tó ń jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, Ràbíátù da páànù kan nù. Ọ̀gá pọn òmíràn kún un. Ó tún dà á nù. Ni Ọ̀gá bá ra àgádágodo, ó fi ti àpótí asàba, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ bẹ́líìtì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, bí àkókò àtiyí ẹyin bá tó, òun ló ń ṣí i, òun ló ń dúró ti Ràbíátù títí yóò fi ṣe tán, òun ló sì ń tì í. Ẹ ti rí ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọmọ tí wọn ò tíì bí?

Ní ọjọ́ kejìlélógún, Ràbíátù ní ọ̀kan ti kú. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ní ó ti di méjì, omi ló gbé wọn. Ó jókòó sórí àpótí ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi, kò sì bú ẹnikẹ́ni fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rù bà mí.

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo rí agùfọn láyé mi," ó ní. "Ọwọ́ ìyá mi ni mo dì mú. Tí mo bá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọmọ mi, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kò sí ẹyẹ tó ń dé adé. Ẹyọ kan ló kù nínú àpótí yẹn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i."

Ó dìde, ó lọ bẹ Ọ̀gá. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi, Ràbíátù Alẹ́yin ń bẹ̀bẹ̀. Ó ní tòlótòló òun ń sàba lọ́wọ́ nílé ní Ìdí Arẹrẹ, kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé ẹyin tó kù sábẹ́ rẹ̀ kó parí iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ láti nu ojú. "Dúkìá ìjọba, Ìyá? Sábẹ́ ìdí tòlótòló?"

Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, ẹyin kan pa. Ọmọ tútù kan yọ orí jáde, ó ń ké. Ọ̀gá pariwo, ó gbá mi mọ́ra, ó tọrọ àforíjì, ó tún gbá mi mọ́ra. Ràbíátù bẹ̀rẹ̀, ó wò ó láti inú gíláàsì.

"Ẹ kú oríire," ó ní. "Ẹ ti bí tòlótòló."

Ọ̀gá kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti wà nídìí tẹlifóònù. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣètò pé àwọn àgbààgbà ìjọba ń bọ̀ lọ́la ní aago mẹ́wàá, pẹ̀lú oníwèé ìròyìn àti ayàwòrán, láti wá wo ọmọ agùfọn àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ pa. Ó ra rìbọ́nì. Ó ra ìgò gíláàsì mẹ́ta, ó rọ sípíríìtì sínú wọn. Ìwé pẹlẹbẹ sọ pé ẹyin tí kò bá tíì pa lọ́jọ́ kejì tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti pa, kí a fọ́ ọ kí a sì fi ọmọ inú rẹ̀ pamọ́ fún ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ kí àlejò rí i pé a mọ bí a ṣe ń tọ́jú ààyè, a sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú òkú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ọ́fíìsì ní aago méje, mo bá àwọn méjèèjì lórí ìdúró. Ọ̀gá mú ṣíbí tíì lọ́wọ́. Àpótí wà ní ṣíṣí. Ràbíátù ti gbé abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sórí tábìlì, ó sì fi ara rẹ̀ dí àárín Ọ̀gá àti ẹyin mẹ́ta.

"Ẹ gbọ́ mi o," ó ní. "Tòlótòló kì í kọjá ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Agùfọn, òyìnbó yín fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́, ó lè di ọgbọ̀n ọjọ́, ó lè lé ọ̀kan. Èènì ló ti dé, ọjà kò tíì dé. Ṣé nítorí pé ọmọ aládùúgbò ti rìn ni ẹ fẹ́ fi sin ọmọ tiyín?"

"Ẹyin kan náà ni gbogbo wọn, Ìyá. Ó wà nínú ìwé."

"Ẹ jẹ́ ká bi omi."

Ó gbé ẹyin àkọ́kọ́ sórí omi. Ó léfòó, ó dúró jẹ́ẹ́. Ó gbé e kúrò, ó gbé èkejì sí i. Jẹ́ẹ́. Ó gbé ẹ̀kẹta, ó yọwọ́. A ń wò ó. Mo ń gbàdúrà, mi ò sì mọ ẹni tí mò ń gbà á fún. Ni ẹyin náà bá mì díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ tọ́ lójú oorun, omi sì ṣe òbìrípo kékeré yí i ká. Ó tún mì.

"Lọ́rì ni," Ọ̀gá wí kíákíá. "Lọ́rì ló kọjá nísàlẹ̀, òun ló ń mi tábìlì."

A tẹ́tí. Òótọ́ ni, lọ́rì kan kọjá. Ó lọ, ariwo rẹ̀ pòórá sí ọ̀nà Màpó. Ẹyin náà tún mì.

"Lọ́rì náà ti dé Ọjà'ba báyìí," Ràbíátù wí. "Ṣé ẹ fẹ́ ká dúró kó dé Ìjẹ̀bú?"

Ọ̀gá gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó nu ojú. Ó ti rí i, mo mọ̀ pé ó ti rí i, nítorí ohùn rẹ̀ yí padà sí ohùn ẹni tó ń nájà.

"Ó dáa, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ láàárín ara wa. Bí àwọn àlejò bá dé, wọ́n á bi yín léèrè, torí gbogbo ọjà ló mọ̀ yín. Ẹ sáà sọ fún wọn pé agùfọn ni ọmọ tó wà nínú àpótí yìí. Ọ̀rọ̀ kan péré. Èmi náà, n kò ní fọ́ ẹyin yẹn. Mo máa dá a padà sínú àpótí."

"Pẹ̀lú páànù omi méjì?"

"Ìlànà ni ìlànà, Ìyá."

Ràbíátù kọjú sí i. Láti oṣù Júláì ló ti ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, nítorí ọ́fíìsì, nítorí kóòtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè bí i lọ́mọ. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló bọ́ ẹ̀yin náà sílẹ̀ bí ẹni bọ́ bàtà tó ń ta á lẹ́sẹ̀.

"Ìwọ Japheth," ó ní, "o mọ̀ pé ó wà láàyè. O rí i. Mo rò pé o gọ̀ ni, mo sì ti ń bá ọ ṣe sùúrù, torí ẹni tó gọ̀ kò mọ̀. Àṣé o gbọ́n. O fẹ́ kí n pe tòlótòló ní agùfọn kí o má bàa sọ agùfọn di òkú. Bí àwọn tó ń bọ̀ yìí bá gba irọ́ yẹn, wọ́n á lọ sílé, wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Ta ló tún máa wá ẹyẹ náà lọ sínú àbàtà?"

"Ìyá, ẹ ṣọ́ ẹnu yín! Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí. Ẹ ò ka ìwé kankan, ẹ ò mọ ohun tó dè mí mọ́lẹ̀. Bí mo bá wí fún wọn nísinsìnyí pé mo ka mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á ti ọ́fíìsì yìí pa. Ṣé ìyẹn ló máa ran agùfọn lọ́wọ́? Ẹ dáhùn! Àti pé ta ló sọ fún yín pé..."

Ràbíátù gbé ẹyin kúrò nínú omi, ó fi etí ìró nù ún gbẹ, ó gbé e lé ìpéǹpéjú rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ọ̀já inú rẹ̀, ó fi wé ẹyin mọ́ awọ ikùn rẹ̀, ó dì í, ó fa bùbá bò ó.

"Ìyá! Ẹ dá a padà. Dúkìá ìjọba ni. Ó ní nọ́ńbà nínú ìwé. Ìyá, mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán!"

Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ń sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan lára ògiri. Ọ̀gá kọjú sí mi. "Mísíìsì, ẹ ki bébà bọ tàípù. Ẹ kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ràbíátù, láìgba àṣẹ, ní déédéé aago méje ààbọ̀..."

Mo ki bébà bọ̀ ọ́. Láti ojú fèrèsé mo rí i nísàlẹ̀, ó yà fún kẹ̀kẹ́ kan, ó dúró kí mọ́tò kọjá, ó sì gba ọ̀nà Màpó lọ sí Ìdí Arẹrẹ, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí aboyún, kò sì wẹ̀yìn. Ọ̀gá ṣì ń pe ọ̀rọ̀ fún mi, ó ti dé orí ìlà kẹrin.